Ọkọ̀ Tí Yóò Máa Gbé Nọ́ọ̀sì Wálé

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi Nọ́ọ̀sì ṣe ọ̀gá wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ijó ló jó wọlé. Kò sí ẹni tó ń kọrin fún un. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀ lé orí, ó ń ju ìbàdí bọ̀ láti ẹnu géètì títí dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ló sì ti ń ránṣọ. Ó gbójú sókè lórí ẹ̀rọ, ó rí ìyàwó rẹ̀, ó fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, òun náà bọ́ síta. Àwọn méjèèjì jó kọjá lára oníbàárà kan tó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀.

Ìgbà tí ijó parí ni wọ́n tó rántí pé ìlú kejì ni ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ wà. Ọ̀nà márosẹ̀ ló so ìlú méjèèjì pọ̀, ó sì lé ní wákàtí kan bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ ń sáré. Ọkọ̀ èrò ni Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ń wọ̀. Ọkọ̀ èrò kì í gbéra àfi tó bá kún, bó bá sì kún tán, ẹnìkan á ní òun fẹ́ tọ̀. Kí ìyá tó délé, ọmọ ti sùn. Kí ọmọ tó jí, ìyá ti lọ. Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì gba yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ó wá di ẹni tó ń yọjú sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ bí àlejò.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń jẹ́ Olófòófó. Bàbá àgbà rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kì í ròyìn fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Mọ́mì, Dádì fi téèpù tó fi ń wọn aṣọ wọn orí mi kó tó di irun mi. Ó ní kó má baà wọ́."

"Ó ṣeun. Ṣé irun náà gún dáadáa?"

"Ó wọ́, Mọ́mì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí owó fóònù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, eyín Olófòófó yọ. Ó kọ̀, kò jù ú nù. Ó ní ó di ìgbà tí ìyá òun bá rí i. Ó wé e sínú èérún aṣọ kan, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù. Kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé, ẹnìkan ti gbá èérún aṣọ náà sínú àpò ìdọ̀tí. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe délé, gbogbo ilé ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àpò: Télọ̀ ń tú u, Bàbá àgbà ń tú u, Olófòófó ń sunkún, ó sì ń tú u. Bàbá ló rí eyín náà nígbẹ̀yìn. Wọ́n hó yèè. Nọ́ọ̀sì yìn ín, ó gbóṣùbà fún eyín, lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Télọ̀ tẹ̀lé e wọlé. "Ìyá Olófòófó, a ti rí i náà. Kí ló tún kù?"

"Ọmọ mi yọ eyín, mi ò sí ńlé. Ọmọ àwọn ẹlòmíì ni mò ń tọ́jú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Télọ̀ jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ọkọ̀ la máa rà. Wàá máa lọ láàárọ̀, wàá máa bọ̀ nírọ̀lẹ́."

Bí wọ́n ṣe pe ìpàdé nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Bàbá tó bí Télọ̀ ló kọ́kọ́ jókòó. Yàrá ẹ̀yìn ni Bàbá ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Tírélà ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì ní ọkọ̀ tara rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ọ̀nà. Ẹnì kejì tí wọ́n ránṣẹ́ sí ni àbúrò Nọ́ọ̀sì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo ilé ń pè ní Mẹkáníìkì. Ó kí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn bí ọ́ìlì.

"Ọkọ̀ ńlá ni kẹ́ ẹ rà," ni Bàbá wí. "Lójú márosẹ̀, ẹni tó bá ga ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí mò ń wa tírélà, ńṣe làwọn ọkọ̀ kéékèèké ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí mi."

"Bàbá, wọ́n ń sá fún yín ni," Mẹkáníìkì dáhùn. "Ta ló sì ń ra epo sí tírélà yín? Ṣé owó oṣù nọ́ọ̀sì ni?"

Wọ́n yíjú sí Nọ́ọ̀sì, ẹni tó máa wa ọkọ̀.

"Mi ò fẹ́ ọkọ̀ oge," ni ó ní. "Mo fẹ́ èyí tí kò ní máa mu epo bí ọ̀mùtí, tí kò ní dákú sójú ọ̀nà, tí páàtì tí à ń rà sí i ò ní di ohun tí à ń fi àtùpà wá. Kí bíréèkì rẹ̀ máa gbọ́ tèmi. Owó tó wà nílẹ̀ la sì máa fi rà á, mi ò fẹ́ jẹ gbèsè nítorí ọkọ̀."

"Kí fèrèsé rẹ̀ ga tó bí mo ṣe ga," ni Olófòófó wí. Wọ́n fi tirẹ̀ kún un.

Ọgbà ọlọ́kọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní ẹnu dídùn. Kó tó kí èèyàn tán, ó ti fi onítọ̀hún joyè. Jíìpù dúdú kan wà níwájú, ó ń dán gbinrin bíi bàtà ọ̀gá ṣọ́jà, owó rẹ̀ ò sì tó iye tí wọ́n ń ta jíìpù. Bàbá gun orí ìjókòó rẹ̀, ó di sítíárìn mú, ojú rẹ̀ rìn jìnnà.

"Ìyàwó mi, gbọ́ họ́ọ̀nù ná!" Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi fò lọ.

Mẹkáníìkì ti wọnú ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí ó fi dé òpin. Àbàwọ́n ẹrẹ̀ wà níbi tó gbẹ̀yìn. Ó ká rọ́ọ̀gì abẹ́ ẹsẹ̀ sókè, òórùn aṣọ tí kò gbẹ jáde wá.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ti mu omi àgbàrá."

"Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Erùpẹ̀ ẹsẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í nu bàtà rẹ̀."

Mẹkáníìkì na ọwọ́ sókè sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí wáyà iná dì sí, ó fi ìka mú erùpẹ̀ gbígbẹ jáde. "Ṣé ibí náà ló ti máa ń bọ́ bàtà ẹ̀?"

Télọ̀ kọjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Mẹkáníìkì wá ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọkọ̀ tó bá ti rì sínú omi, wáyà rẹ̀ á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, àfi lọ́jọ́ tó bá kú láàárín márosẹ̀, nígbà tí tírélà wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tírélà yìí ló mú Bàbá sọ̀ kalẹ̀.

"Họ́ọ̀nù ẹ̀ ṣáà dáa," ni ó ń wí títí wọ́n fi délé.

Ọkọ̀ kejì, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló rí i. Ọ̀kan nínú àwọn apòògùn ilé ìwòsàn ló fẹ́ tà á: ọkọ̀ pupa kékeré kan, ojú iná rẹ̀ rí róbótó bí ojú ọmọ tuntun. Mẹkáníìkì yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, ó yìn ín. Epo díẹ̀ báyìí ló ń mu. Nínú ìlú, ó ń yọ́ kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ yòókù bí ejò nínú koríko, Nọ́ọ̀sì sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Ó káre, ìyá mi. Rọra, rọra."

Wọ́n bọ́ sí márosẹ̀. Tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, atẹ́gùn rẹ̀ sì ti ọkọ̀ pupa náà bí ẹni ti ewé. Bí Nọ́ọ̀sì ṣe fi kún eré, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo gba inú ọkọ̀ kan tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé igbe ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkè, ńṣe ni ọkọ̀ ń kérora. Bàbá wà lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìgbà tí wọ́n padà dúró ló lanu.

"Ìyàwó mi, ọkọ̀ yẹn rẹwà, mi ò sì ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ni wọ́n ṣe é fún. Tó o bá ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lójú ọ̀nà yìí lójoojúmọ́, á gbó, ìwọ náà á gbó."

Mẹkáníìkì fọwọ́ họrí. "Ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo gbájú mọ́. Òótọ́ ni Bàbá sọ."

Inú Bàbá dùn kọjá ààlà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó bá kí i, "Ẹ káàárọ̀ sà," á ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Mẹkáníìkì fúnra ẹ̀ ní òótọ́ ni mo sọ."

Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó dágbére fún ọkọ̀ pupa náà bí ẹni dágbére fún ọ̀rẹ́. Wọ́n wo òmíràn, wọ́n tún wo òmíràn: ọ̀kan ń tú èéfín búlúù, ọ̀kan ò ní ìwé, ẹni tó ni ọ̀kan fi owó lé owó lójú wọn báyìí. Ó ti ń sọ pé bóyá kí òun kàn fara mọ́ yàrá kékeré òun, ni oníbàárà kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀.

Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá ilé-ìwé ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì jáwọ́ nínú ọ̀gá ṣíṣe. Télọ̀ ń fi píìnì mú èjìká aṣọ rẹ̀, ó sì ń ráhùn lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bó ṣe ń ṣe é.

"Má gún mi," ni Màmá wí. "Ṣé ìyàwó ẹ mọ ọkọ̀ wà?"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, Mà."

"Ṣé kì í sáré àsápajúdé?"

"Rárá o, Mà. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni."

"Ọkọ ẹ̀ ni ẹ́, ẹ̀rí ẹ ò tẹ̀wọ̀n. Mo ní ọkọ̀ kan tí mo fẹ́ tà, ní kó wá rí mi."

Ọjọ́ kan tí Nọ́ọ̀sì wà ní ìsinmi ni òun, Télọ̀, Bàbá àti Mẹkáníìkì lọ, lẹ́yìn tí wọ́n mú Olófòófó dé ilé-ìwé. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ òrùlé páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò ga, kò kéré jù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí oòrùn ti pa díẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì tẹ̀ wọnú.

"Àgbò kan ló rí òjìji ara ẹ̀ níbẹ̀," Màmá ṣàlàyé. "Ó rò pé ọ̀tá òun ni."

Mẹkáníìkì fi àtẹ́lẹwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tutù.

"O rò pé mo ti tan án sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé?" Màmá bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tan sílẹ̀ máa ń fi àìsàn ẹ̀ pamọ́ ni."

"Mi ò bínú. Ìdáhùn tó dáa nìyẹn."

Wọ́n tan án, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kò sì tú èéfín kankan. Ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Táyà rẹ̀ ń jẹ lọ́gbọọgba, kò sí pé apá kan ń jẹ ju èkejì lọ. Mẹkáníìkì tẹ́ pákó sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ó pẹ́ kó tó jáde, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ni ọkọ̀ yìí fẹ́ràn ẹ̀."

Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀ ka àléébù rẹ̀ fún wọn: fèrèsé ẹ̀yìn kan kì í sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà ló yí sí Nọ́ọ̀sì, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni dúró níwájú kíláàsì.

"Táyà bẹ́ nígbà tó o wà lórí eré. Kí lo máa ṣe?"

Nọ́ọ̀sì dúró gbọn-in láìmọ̀. "Mi ò ní tẹ bíréèkì lójijì, Mà. Màá di sítíárìn mú, màá jẹ́ kí eré náà relẹ̀ fúnra ẹ̀, kí n tó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Oorun ń kùn ọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Màá wá ibi tó dáa dúró sí, màá sùn díẹ̀, Mà."

"Ọkọ ẹ sì ń retí ẹ nílé?"

"Kó máa retí, Mà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èjìká rẹ̀ ń mì. "O yege! Ẹ wọlé, ká lọ."

"Èmi tí wọ́n ní kí n máa retí ńkọ́?" ni Télọ̀ wí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wọ ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì àti Màmá wà níwájú, àwọn mẹ́ta yòókù há ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Bàbá ò fẹ́ràn ọkọ̀ náà láti ilẹ̀. Ó ní ó sún mọ́lẹ̀ jù, pé èèrà lè kí òun. Wọ́n bọ́ sí márosẹ̀. Tírélà kọjá, ọkọ̀ ò mì. Wọ́n fi kún eré, sítíárìn dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n gun òkè, ó gùn ún bí ẹni tó ti gùn ún lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí ọ̀nà yìí gan-an ni Màmá ń tọ̀ lọ sí ilé-ìwé rẹ̀ nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń nawọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ: "Níbí, oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀ ọ́ lójú. Níbí, má gba ọwọ́ ọ̀tún tí òjò bá rọ̀."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wọn tó di fóòmù ìbùsùn lé ara wọn gègèrè. Nọ́ọ̀sì ti ń fi àyè sílẹ̀ fún un tipẹ́. Lójijì, okùn já, fóòmù ńlá kan fò sókè, ó yí po lójú ọ̀run, ó sì balẹ̀ gbàgà sáàárín ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ ò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó dúró gbágbá bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, fóòmù wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un.

Fìlà Bàbá ti fò kúrò lórí rẹ̀, ó sì ti balẹ̀ sórí itan Màmá Tíṣà.

Màmá gbé e sókè, ó wò ó lọ́tùn-ún lósì. "Bàbá, ṣé fìlà yín fẹ́ wa ọkọ̀ ni?"

Ẹ̀rín tó sọ nínú ọkọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ akẹ́rù tó sáré bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ dúró, ó ń wò wọ́n. Télọ̀ àti Mẹkáníìkì bá a gbé fóòmù rẹ̀ kúrò lọ́nà. Nọ́ọ̀sì ṣì di sítíárìn mú, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn.

"Ìyàwó mi, ra ọkọ̀ yìí."

Nígbà tí wọ́n padà délé Màmá, ó dá iye kan, iye tó tọ́. Ìṣe Télọ̀ ni kó ná nǹkan, ó sì ná an.

"Ṣé èmi máa ń ná ọjà lọ́wọ́ ẹ tó o bá ránṣọ fún mi?" Màmá bi í.

"Ẹ máa ń ná an gan-an ni, Mà."

Màmá ronú sí i. "Òótọ́ ni. Ó dáa, mo yọ díẹ̀." Ó gbé ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í síbẹ̀. "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ìdí tí mo fi ń tà á nìyẹn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ìlú kejì yẹn, à ń bára wa bọ̀ láti ìgbà èwe. Nọ́ọ̀sì, tó o bá ń lọ síbi iṣẹ́, ṣé wàá máa gbé mi lọ kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Ọjọ́ yòówù tó bá wù yín, Mà."

Ọjọ́ kìíní tó gbé ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́, ó dá kọ́kọ́rọ̀ yàrá kékeré padà fún onílé. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó yà sí àdúgbò wọn. Ẹ̀rọ Télọ̀ dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Olófòófó sáré jáde, ìwé iṣẹ́ àmúrelé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lára kó tó lè bọ́ sílẹ̀ tán. Kò sí ohun àrà tó ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tún irun ọmọ rẹ̀ dì. Ó bá a jà lórí ìṣirò. Ó fọ abọ́, Télọ̀ ń nù ún, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó ní òun kò sanra, pé aṣọ ló sún kì. Nígbà tí Olófòófó ń sùn lọ, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò fa ọwọ́ náà yọ fún ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà ti kú mọ́ ọn lára tipẹ́tipẹ́.

Wọ́n fẹnu kò sí Ọjọ́rú fún Màmá Tíṣà. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, Bàbá ní òun á tẹ̀lé wọn, kí òun lè máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Ọjọ́rú kejì, ó ní ẹ́ńjìnnì ò tíì dá òun lójú. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó ti ní kí ọmọ òun rán bùbá tuntun fún òun, ó fá irùngbọ̀n, ó sì jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kí Nọ́ọ̀sì tó jí tán. Màmá Tíṣà dé, ó wo àyè tó ṣófo níwájú, ó ní iwájú máa ń mú òòyì kọ́ òun, ẹ̀yìn ni òun ń lọ.

Láti ibi tí wọ́n ti bọ́ sí márosẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní afárá kan wà tí wọ́n kọ́ kí ilé-ìwé Màmá tó dé. Màmá ní irọ́ ni, ilé-ìwé ló kọ́kọ́ dé, òun rí i nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré. Bàbá ní nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré, òun wà nínú tírélà níbẹ̀, òun sì rí olùkọ́ kan tó ń fi pàṣán lé àwọn ọmọ kúrò níbi iṣẹ́. Màmá ní, "Èmi nìyẹn!" Wọ́n pariwo ẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó ń tẹ́tí, kò dá sí i.

Ó yà kúrò lójú márosẹ̀, ó dúró níwájú ilé ọ̀rẹ́ Màmá. Kò sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin àgbà," ni ó wí, "a ti dé o."

Àwọn méjèèjì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì wo ìta fèrèsé bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ṣé kíá báyìí náà ni?" ni Bàbá wí.